Ta Ló Sọ Yín Lórúkọ, Ẹ̀yin Ọmọ Òkìtì?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Ẹni tí kò bá rí àga, kó fa àpótí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lórí ìdúró, nítorí ọ̀rọ̀ ìtìjú ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, mo sì rí orí ọmọ tó wọ́. Bí mo bá dákẹ́, ta ni kí n ní kó bá mi tún un ṣe?

Ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, mo yà kí ìyá àgbàlagbà kan ní Ìjìgbò, nínú Adó wa níhìn-ín. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ti Èkó dé, ìyá náà sì fẹ́ gún iyán fún un. Ó nawọ́ sí igun ilé, ó ní kó bá òun mú usu méjì wá. Ọmọ náà kò dìde. Ẹ̀rín ló bú sí. Ó ní, "Usu kẹ̀? Màmá, iṣu ni wọ́n ń pè é o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èdè ará òkè dójú tì mí níwájú àlejò."

Èmi ni àlejò yẹn. Ìyá wò mí, mo wolẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti orúnkún dìde, ó lọ sí igun ilé, ó mú iṣu méjì, ó gbọn erùpẹ̀ ara wọn dànù. Títí iyán fi jinná, títí a fi jẹ ẹ́ tán, kò tún la ẹnu sọ ohunkóhun. Iyán yẹn kúnná, ó funfun bí òwú, ṣùgbọ́n mo sọ òtítọ́ fún yín, kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ dáadáa.

Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ló ń kọ́ ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ní orúkọ iṣu! Ẹni tó fi iṣu tọ́ bàbá ọmọ náà! Ẹni tó ta iṣu, tó fi san owó ilé ẹ̀kọ́ bàbá ọmọ náà! Ǹjẹ́ irú èyí ṣẹlẹ̀ rí? Ǹjẹ́ ojú ò ti wá bí?

Ẹ má tíì máa fi ọmọ yẹn ṣe ẹlẹ́bi. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan ni. "Ará òkè." Ta ló kọ́kọ́ pè wá bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹni tó bí wa ni? Ṣé ẹni tó gbé wa jó lọ́jọ́ kẹjọ tí a bí wa, tó fi oyin àti iyọ̀ tọ́ wa lẹ́nu, ló sọ wá ní ará òkè? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ yín ní èyí? Mo bi yín: ta ló sọ yín lórúkọ?

Mo mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń pè wá. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré. Wọ́n ní Èkìtì ya alágídí, bó bá ti ní òun kò lọ, ẹ pè é títí, kò ní lọ. Wọ́n ní Èkìtì kì í fi "ẹ̀yin" pe àgbà, pé "ìwọ" la fi ń pe bàbá tó bí wa, bí ẹni pé inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ọ̀wọ̀ ayé ń gbé. Wọ́n ní iyán láàárọ̀, iyán lọ́sàn-án, iyán lálẹ́. Wọ́n ní ahọ́n wa wúwo. Ẹnu àlejò ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Kì í ṣe pé àlejò bú wa ló ń dùn mí. Ẹnu ò lè ṣe kó má sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ò sì lè fi okùn dì í fún ẹlẹ́nu. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀yin fúnra yín ti gbé èébú náà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ wọ̀ ọ́ jáde. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fi ohùn bàbá yín ṣe àwàdà lórí fóònù kí àwọn ará Èkó lè rẹ́rìn-ín. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ẹ̀yin sọ̀kò, ìyá yín ló bà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní ohun tí ẹ gbàgbé. Àwọn àgbà sọ fún wa pé láti ara "òkìtì" ni "Èkìtì" ti wá. Òkìtì ni ilẹ̀ tó ga, tó kó ara jọ. Ẹni tó bá ti gba Ìkẹ́rẹ́ wọlé, tó rí àpáta Olósùnta tó dúró bí ọba lórí ìtẹ́, tàbí ẹni tó gun ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè rí, kò ní bi wá léèrè ìdí tí a fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó pe Èkìtì ní ará òkè, òtítọ́ ló sọ. Ará òkè ni wá! Ẹ̀gàn tó fi sínú rẹ̀ ni tirẹ̀, òkè ni tiwa. Nígbà tí àwọn agbóguntì ń wá kó ènìyàn tà, orí òkè yìí àti inú ihò àpáta yìí ni ìyá ìyá yín gbé ọmọ pọ̀n sá sí. Bí kò bá sí òkè, inú oko ìrèké ní ìlú ẹlòmíràn ni à bá ti máa wá yín kiri lónìí. Ohun tó gbà yín là lẹ wá ń tijú?

Àwọn baba yín kò jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ wọ́n lórúkọ lọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan wà tí Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú Èkìtì káàkiri. Ajẹ́lẹ̀ a jẹ, a mu, a gba ohun tó wù ú, a sì máa wo onílẹ̀ bí ẹrú tó ń dúró de ọjọ́ ọjà. Bí wọ́n ti rí wa nìyẹn: oko tí wọ́n ti ń kó ẹrú. Ní 1878, jagunjagun kan tí ń jẹ́ Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ọ̀rọ̀ sì di ogun ńlá. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi ìjà ilé sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wọ ọwọ́, wọ́n pe ara wọn ní Èkìtì Parapọ̀. Ẹ gbọ́ dáadáa: wọ́n pe ara wọn! Kò sí àlejò tó bá wọn sọ ọ́. Ògèdèǹgbé ọmọ Iléṣà ṣe olórí ogun fún wọn. Ìbọn ńlá ń dún láti òkè dé òkè, ohùn ìbọn náà ni ogun náà sì ń jẹ́ títí dòní: Kíríjì. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká kúrò lójú ogun pátápátá. Èèyàn tó jagun tó bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní ẹrú, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wá ń pe ara rẹ̀ ní ará òkè lẹ́nu ẹ̀rín yìí?

Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ pé ọmọ kan wà tó ń kùn lẹ́yìn: "Bàbá, Yorùbá ni gbogbo wa." Bẹ́ẹ̀ ni, Yorùbá ni wá. Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ tó ń kùn, Yorùbá náà, ta ló sọ wá bẹ́ẹ̀? Ṣé o rò pé Odùduwà ló fi sọ wá lórúkọ ní Ilé-Ifẹ̀?

Lọ́dún 1615, ní Tìmbúktù lọ́nà jíjìn réré, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Ahmad Baba kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ ẹrú: ta ni òfin ẹ̀sìn gbà kí a kó lẹ́rú, ta ni kò gbà. Ó to orúkọ àwọn ẹ̀yà tí kì í ṣe Mùsùlùmí lẹ́sẹẹsẹ. Orúkọ Yorùbá yìí wà lára wọn. Ẹ ò rí nǹkan? Lára ibi àkọ́kọ́ tí "Yorùbá" ti jẹyọ nínú ìwé ayé ni ibi tí wọ́n ti ń ka àwọn tí a lè kó tà! Àwọn Haúsá ń fi í pe Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ nìkan. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, "Katunga" ló pe ìlú Aláàfin nínú ìwé rẹ̀, nítorí bí àwọn Haúsá ti ń pè é nìyẹn. Ọba ń bẹ láàfin, ìlú lórúkọ, àlejò wọlé, orúkọ tí àlejò mìíràn fi pe ìlú náà ló kọ sílẹ̀.

Ní Sàró, tí wọ́n ti ń sọ àwọn ẹrú tí wọ́n gbà lójú òkun kalẹ̀, wọ́n gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń kí ara wọn pé "ẹ kú", wọ́n bá pè wọ́n ní Akú. Ìkíni ló di orúkọ! Ní Kúbà, wọ́n pè wá ní Lukumí. Ní Dàhòmì àti ní Bràsíl, wọ́n pè wá ní Nàgó, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà kékeré kan lára wa ni Ànàgó. Nígbà tí àwọn oníwàásù bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo wa ní Yorùbá, òyìnbó kan láàárín wọn, Koelle, tó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè Áfíríkà jọ sínú ìwé kan ní 1854, yarí pé kò tọ́: ó ní orúkọ ẹ̀yà kan ni, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ fi í bo àwọn ẹ̀yà tó kù mọ́lẹ̀? Bí ẹ bá lọ bá baba ńlá yín ní Adó nígbà náà, tí ẹ pè é ní Yorùbá, yóò wò yín lójú, yóò ní, "Ọmọ Adó ni mí, Ewì ni ọba mi. Ọ̀yọ́ lẹ̀ ń wá ni?"

Ẹ jẹ́ kó yé yín. N kò ní kí ẹ má jẹ́ Yorùbá mọ́. Ẹni tó bá sọ pé mo sọ bẹ́ẹ̀, òun àti ẹnu rẹ̀. Ohun tí mo ń fi hàn yín ni bí orúkọ àlejò ṣe ń di orúkọ ẹni. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ló tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì títí ó fi pé ní 1884. Samuel Johnson, tó tún jẹ́ oníṣẹ́ àlàáfíà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ nígbà Kíríjì, kọ ìtàn wa parí ní 1897, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òfìfo igbá ni àlejò gbé fún wa, èébú díẹ̀ ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí fọ igbá náà mọ́, wọ́n bu iṣẹ́ kún un, wọ́n bu òye kún un, wọ́n bu ìwà kún un. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi di orúkọ tí a ń fi yangàn. Iṣẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ di orúkọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Iṣẹ́ wo lẹ ṣe sí "Èkìtì" tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́?

Bó bá ṣe pé àwa nìkan ni àlejò sọ lórúkọ, ǹ bá ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ará Albáníà, lókè ní ilẹ̀ Yúróòpù, létí òkun tó dojú kọ Ítálì. Ará òkè ni àwọn náà, òkè ló gba ilẹ̀ wọn kan. Gbogbo ayé ń pè wọ́n ní Albáníà, bẹ́ẹ̀ àwọn fúnra wọn kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Shqiptar ni wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n sì ń pe ilẹ̀ wọn ní Shqipëri. Àwọn kan lára wọn máa ń sọ pé ọmọ ẹyẹ idì ni wọ́n. Láyé àtijọ́, Arbër ni wọ́n ń jẹ́. Tọ́kì pè wọ́n ní Arnavut. Àwọn tó sá lọ sí Ítálì láti nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn ṣì ń jẹ́ Arbëreshë títí dòní, bí àwọn ọmọ wa ní Kúbà ṣe ń jẹ́ Lukumí. Àwọn aládùúgbò wọn kan sì wà tó mú orúkọ tí àwọn èèyàn náà ń pe ara wọn, tí wọ́n lọ́ ọ lẹ́nu, tí wọ́n fi ẹ̀gàn sí i, tó fi di èébú. Orúkọ ẹni gan-an, lẹ́nu ẹlẹ́gàn, di èébú!

Akọni wọn tó ga jù, Gjergj Kastrioti ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Tọ́kì mú un lọ sí ààfin wọn láti kékeré, wọ́n sọ ọ́ ní Ìskándà, wọ́n fi oyè bey lé e. Ní 1443 ó yí padà, ó lọ sí ìlú rẹ̀, ó bá Tọ́kì jà títí ó fi kú ní 1468. Ǹjẹ́ ẹ mọ orúkọ tí àwọn èèyàn rẹ̀ fi ń pè é títí dòní? Skanderbeg. Orúkọ tí ọ̀tá sọ ọ́! Ó gbà á lọ́wọ́ wọn bí ẹni gba idà lọ́wọ́ ọ̀tá, ó fi bá wọn jà. Orúkọ tó wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi, ṣùgbọ́n ìwà ẹni ló ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nílé.

Ọ̀pọ̀ àjèjì ló sì ti kọ ọ́ nípa wọn pé olè orí òkè ni wọ́n, pé ẹ̀san ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Àṣé wọ́n ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní besa: bí o bá fi ẹnu sọ ọ́, o gbọ́dọ̀ ṣe é, bí àlejò bá ti wọ ilé rẹ, ẹ̀mí rẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó gba tirẹ̀. Nígbà ogun Hitler, tí wọ́n ń wá àwọn Júù kiri láti pa, àwọn ará òkè yìí kó wọn sínú ilé, wọ́n wọ aṣọ tiwọn fún wọn, wọn kò fà wọ́n lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí ogun parí, Júù tó wà ní Albáníà pọ̀ ju iye tó wà níbẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Mélòó nínú àwọn orílẹ̀-èdè ọ̀làjú tó ń pè wọ́n lólè ló lè sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ gbọ́ mi. Nígbà tí mo kà á, omi bọ́ lójú mi, nítorí mo mọ ẹnìkan. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń gba iwájú ọgbà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè kọjá ní Adó, ẹ̀ ń gbé ọ̀kadà gba ibẹ̀, ẹ̀ ń ra ẹ̀pà níbẹ̀. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó. Gómìnà ológun ni ní Ìbàdàn ní 1966, Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba, sì wà nílé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje, àwọn ológun wá mú àlejò. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni pé Fájuyì kọ̀, ó ní a kì í fi àlejò ẹni sílẹ̀ kí á wá wọlé lọ sùn. Wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ, wọ́n sì pa wọ́n. Ọmọ Íbò ni àlejò, ọmọ Èkìtì ni onílé.

Wọ́n ní Èkìtì jẹ́ alágídí. Bẹ́ẹ̀ ni! Agídí tí wọ́n ń wí nìyẹn! Orúkọ tí ayé fi bú wa, Fájuyì fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ ọ́ di oríkì. Lẹ́yìn èyí, ta ló tún kù tó ń tijú agídí?

Wàyí o, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn kan nínú yín ti ń mirí, wọ́n ń sọ pé, "Bàbá sọ̀rọ̀, kí wọ́n má pè wá ní ará òkè mọ́." Ẹ dúró. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹni tó na ìka kan sí ọmọnìkejì, kó wo àwọn ìka tó kù, ara rẹ̀ ni wọ́n dojú kọ.

Kí lẹ̀yin ń pe àwọn ẹlòmíràn? Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, kòbòkóbò lẹ̀ ń pè é. Ẹni tó ti Gánà tàbí Tógò wá, Àgànyìn lẹ̀ ń pè é, ẹ ò bi í ní ìlú rẹ̀ rí, àfi ẹ̀wà rẹ̀ tó dùn lẹ́nu yín. Ẹni tó ti òkè Ọya wá, ibi yòówù kó ti wá, Gàmbàrí ni. Àwọn èèyàn tó ti ọ̀nà Òkènè wá, tí wọ́n ń bá wa dáko, tí wọ́n ń gbé àárín wa láti ọdún gbọọrọ, Ebira ni wọ́n ń pe ara wọn. Kí lẹ̀ ń pè wọ́n? Ìgbìrà. Bí ẹ bá sì ti fẹ́ bú ẹni tí aṣọ rẹ̀ dọ̀tí, "O ṣe bí Ìgbìrà báyìí?" Àbí irọ́ ni mo pa?

N kò pa irọ́, nítorí èmi náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, bí àgbà bá ṣubú, a máa wo ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan ń bá mi kọ ebè lóko mi lọ́nà Ìjàn. Ó ti ń bá mi ṣe é láti ọdún méje. Lọ́dọọdún bí òjò bá ti dá, ọkọ́ rẹ̀ ló ń wọ ilẹ̀ kí tèmi tó wọ̀ ọ́, ebè rẹ̀ a sì tò lọ gbọọrọ bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Lọ́dún yìí, mo dúró létí oko, mo ké sí i bí mo ti máa ń ṣe: "Ìgbìrà, wá jẹun o!" Ó dá ọkọ́ dúró. Ó nu ojú. Ó rìn wá, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Yorùbá rẹ̀ já gaara, àní ó tún fi ohùn Èkìtì sí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mo ní orúkọ."

Ọdún méje! Mo mọ iye ebè tó ń kọ lóòjọ́. Mo mọ iye owó rẹ̀. Mo mọ ọbẹ̀ tó fẹ́ràn. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún pípẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìtàn! Èmi tí orúkọ "ará òkè" ń dùn dé egungun! Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, mo sì tún un pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹnu mi tó gbà á. N kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí òun ló ni ín, kò sì fún mi pé kí n máa gbé e kiri.

Mo jókòó sórí ebè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, mo wo oko náà. Kí ni ebè bí kò ṣe òkìtì kékeré? Lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi òkìtì sọ lórúkọ, ọkùnrin yìí ló ń kọ òkìtì. Usu tí ìyá àgbà Ìjìgbò nawọ́ sí ní igun ilé, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín, bóyá ọwọ́ irú ọkùnrin yìí ló kọ ebè tó ti hù jáde. Iyán tí a fi ń yangàn fún gbogbo ayé, òógùn ẹni tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ojú tì mí. Ó tì mí títí mo fi délé.

Ẹ wá fojú inú wo àwọn baba wa. Bí Fájuyì bá dìde lónìí, tó gba ọ̀nà Ọjà Ọba kọjá, tó gbọ́ bí ẹ ti ń pe àlejò, kí lẹ rò pé yóò wí? Ẹni tó bá àlejò kú, ǹjẹ́ ẹ lè wò ó lójú, kí ẹ ní kòbòkóbò ni àlejò? Bí àwọn ọmọ ogun Kíríjì bá dìde, àwọn tó kọ̀ kí ajẹ́lẹ̀ máa pè wọ́n bó ti wù ú, tí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn ọmọ wọn ti di ajẹ́lẹ̀ sí ẹlòmíràn, kí ni wọn yóò ṣe? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹ ti mọ èyí. Láti orí ẹní ni wọ́n ti kọ́ yín. Ohun tí ẹ mọ̀ tí ẹ ò ṣe, òun ni mo ṣe ń bínú.

Ẹ má sọ fún mi pé àwàdà ni. Àwàdà ni wọ́n ní wọ́n ń bá wa ṣe títí ọmọ fi ń tijú usu. Ẹ má sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ la ti bá a láyé. Bí a ti bá a náà ni Ìbàdàn ti ń kó ènìyàn Èkìtì tà, Fábùnmi kò ní bẹ́ẹ̀ la bá a. Ẹ má sì sọ fún mi pé òde òní ni. Ìpínlẹ̀ Èkìtì yìí dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996, wọ́n pè é ní Orísun Ìmọ̀, wọ́n tún pè é ní Ilẹ̀ Iyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ. Orúkọ ńlá ni. Ara ọkọ̀ ni wọ́n máa ń kọ irú rẹ̀ sí, ọkọ̀ a sì máa gbé e lọ káàkiri. Ǹjẹ́ ìwà ń tẹ̀ lé ọkọ̀ náà? Nígbà tí Dallimore, àlùfáà òyìnbó kan, dá ilé ìwé Christ's School sílẹ̀ ní Adó ní 1933, ọmọ àgbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku ló wọlé síbẹ̀, ìwé àti ìwà ló sì bá jáde. Àwọn ni wọ́n sọ Èkìtì di orúkọ tí wọ́n ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n mọ̀. Wọn kò fi fídíò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì fi ẹnu gígùn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbáwí mi kò gùn ju báyìí lọ. Orúkọ tí ayé bá pe ni, ayé ló ni ín. Èyí tí a bá dáhùn sí ni tiwa. Bí wọ́n bá pè yín ní ará òkè, ẹ dáhùn pẹ̀lú ìyì, ẹ sọ fún wọn pé òkè ló gba bàbá yín là. Bí wọ́n bá ní alágídí ni yín, ẹ fi agídí yẹn dúró ti òtítọ́, ẹ fi dúró ti àlejò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí ayé pè yín bí ẹ ti ń jẹ́, ẹ kọ́kọ́ pe ọmọnìkejì yín bó ti ń jẹ́. Ẹni tó bá ń sọ ọmọ ẹlòmíràn ní orúkọ burúkú, kò ní ẹnu tí yóò fi gba ti ọmọ tirẹ̀.

Ó yá, ẹ dìde. Ẹ̀yin tí ìyá àgbà yín ṣì wà láàyè, ẹ lọ bi wọ́n lálẹ́ òní pé kí ni wọ́n ń pe iṣu, kí ẹ sì pè é tẹ̀ lé wọn títí ẹnu yín yóò fi gbà á. Lọ́la, bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ lọ bá ẹni tó ń kọ ebè yín, ẹni tó ń bá yín gbé bíríkì, ẹni tó ń ta ẹ̀wà fún yín ní ìkóríta. Ẹ kí i dáadáa. Ẹ bi í pé, kí ni orúkọ rẹ?